Ìdì Dúdú Abẹ́ Tábìlì Ìlọṣọ

Àwọn èèrà ló kọ́kọ́ mọ̀. Kí ẹnikẹ́ni nínú ilé ìfọṣọ náà tó fura, àwọn ti fura. Wọ́n tò láti ẹsẹ̀ ògiri, wọ́n gba ẹ̀yìn agbada ńlá kọjá, wọ́n sì wọ ilé ìtọ̀ ẹ̀yìnkùlé lọ. Ìyàwó Àgbà ló rí wọn. Ó gbé garawa omi dání, ó fẹ́ fọ ibẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ó wá rí i pé ilẹ̀ ti dúdú fún èèrà. Gbogbo ibi tí ìtọ̀ ta sí ni wọ́n ṣù bò. Ó da omi lé wọn lórí, ó gbá wọn dànù, àmọ́ kó tó gbé ìgbálẹ̀ padà síbi tó ti mú un, àwọn mìíràn ti dé.

"Hàà," ló wí fún ara rẹ̀. "Irú kí nìyí?"

Ó mọ ẹni tó jáde níbẹ̀ kẹ́yìn. Ìyàwó Kékeré ni, aya àbúrò ọkọ rẹ̀, tí oyún inú rẹ̀ ti yọ síta dáadáa. Àtìgbà tí wọ́n ti ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ló ti ń lọ síbẹ̀, tó ń bọ̀. Ìyàwó Àgbà dúró ti garawa rẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì fò lọ sábẹ́ tábìlì tí Ìyàwó Kékeré fi ń lọ aṣọ. Níbẹ̀, láàárín pákó àti aṣọ nínípọn tí wọ́n tẹ́ lé e, ni òun fúnra rẹ̀ ti ki ìdì dúdú kékeré kan bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́ kó tó di pé ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí kò mọ̀ ọ́n sọ. Màmá, ìyá ọkọ àwọn méjèèjì, ló ni ilé ìfọṣọ náà. Ìyàwó Àgbà ti ń lọ aṣọ níbẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e wọlé. Ooru áyọ́ọ̀nù ti jẹ irun apá rẹ̀ tán. Òun ló mọ oníbàárà tó fẹ́ kí kọ́là dúró ṣánṣán àtèyí tí kì í fẹ́ ohun líle lọ́rùn. Nígbà tí orúnkún Màmá kò jẹ́ kó lè máa wá ṣílẹ̀kùn mọ́, gbogbo ayé ló mọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ tọ́ sí. Màmá gbé e lé Ìyàwó Kékeré lọ́wọ́. Ó ní ẹnu rẹ̀ tu àwọn oníbàárà lára.

"Ìwọ, ojú rẹ ti le jù," ló wí fún Ìyàwó Àgbà lójú gbogbo wọn. "Àwọn èèyàn ń rò pé aṣọ wọn lò ń bínú sí."

Kí lèèyàn fẹ́ fi fèsì irú èyí? Ó fẹyín, ó ní, "Ẹ ṣé, mà." Àmọ́ kò lè jẹun lọ́jọ́ náà, kò sì lè sùn. Ìbínú náà dúró sí i láyà bí egungun ẹja. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti wà nílé Baba Oníbàtà Kan.

*

Ẹni tí kò bá tíì rí Baba Oníbàtà Kan, kó má gbàdúrà láti rí i. Ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń tún táyà ṣe ló ń gbé, nínú yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí. Sálúbàtà ló máa ń wọ̀ sẹ́sẹ̀ ọ̀tún. Ti òsì, bàtà aláwọ dúdú gìrìwò ni, èyí tí ó dé ojúgun, kì í sì í bọ́ ọ, nínú ilé àti níta, ní ẹ̀rùn àti ní òjò. Wọ́n ní inú bàtà náà ni agbára rẹ̀ wà. Wọ́n ní ọjọ́ tó bá bọ́ ọ lójú èèyàn, ọ̀ràn ẹ̀mí ti dé nìyẹn.

"Kí lo fẹ́ ká ṣe fún un?" Baba náà bi í. "Kó kú?"

"Ẹ gbà mí o! Rárá, Baba. Kí iṣẹ́ náà ṣáà sú u ni. Kó máa rẹ̀ ẹ́. Kí òun fúnra rẹ̀ dá kọ́kọ́rọ́ padà."

Baba wò ó títí, ó rẹ́rìn-ín kékeré kan tí kò dé ojú, ó wọ ẹ̀yìn aṣọ ìkélé lọ. Nígbà tó jáde, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ni ìdì náà wà, aṣọ dúdú tí wọ́n fi òwú dúdú yí ká títí kò fi sí ibi tí ojú lè gbà wọ inú rẹ̀.

"Abẹ́ ibi tó ti ń ṣiṣẹ́," ló wí. "Má tú u wò."

Ẹ sì wá wo nǹkan: ó jẹ́! Àárẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mú Ìyàwó Kékeré. Ẹni tó máa ń kọrin lórí aṣọ látàárọ̀ dalẹ́ wá di ẹni tó ń jókòó lórí ìdì aṣọ ìdọ̀tí, tí orí rẹ̀ ń ṣubú sí àyà. Òǹgbẹ wá bẹ̀rẹ̀. Yóò gbé ìgò omi sẹ́nu, kò ní gbé e kúrò títí yóò fi gbẹ, yóò nu ẹnu, yóò tún bèèrè òmíràn. "Ahọ́n mi ń gbẹ bí ìgbà tí mo lá eérú," báyìí ló ń wí, gbogbo wọn á sì rẹ́rìn-ín. "Oyún ni," Màmá ń sọ. "Gbogbo wa la lóyún rí."

Ká má purọ́, inú Ìyàwó Àgbà dùn. Ó ń lọ aṣọ, ó ń wò ó lábẹ́ ojú, ó ń retí ọjọ́ tí kọ́kọ́rọ́ yóò padà wá.

Ìdùnnú náà kò pẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí wọ́n tó tan iná sí áyọ́ọ̀nù kankan, Ìyàwó Kékeré na ọwọ́ síwájú bí ẹni tó ń lé eṣinṣin.

"Ìyálé mi, ṣé ẹ ti ń lo omi gbígbóná ni? Ooru omi ti bo yàrá yìí o. Mi ò rí ojú ìránṣọ dáadáa."

Kò sí ooru kankan. Yàrá náà mọ́ kedere, oòrùn sì gba ojú ilẹ̀kùn wọlé. Ìyàwó Àgbà wo ojú rẹ̀, ó rí i pé kì í ṣe òun gan-an ni Ìyàwó Kékeré ń wò, ẹ̀gbẹ́ ibi tó wà ló ń wò. Lọ́jọ́ náà gan-an ni Ìyàwó Kékeré fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ lórí aṣọ funfun oníbàárà kan títí ó fi jó. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni àwọn èèrà dé.

*

Ọ̀sán gangan ọjọ́ náà ni Ìyàwó Àgbà pinnu láti mú ìdì náà kúrò. Ìyàwó Kékeré ti lọ tọ̀, àwọn oníbàárà ò tíì dé, ẹ̀rọ ìfọṣọ nìkan ló ń kùn. Ó kúnlẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ nínípọn náà. Ó wá a lápá ọ̀tún, ó wá a lápá òsì. Ó gbé aṣọ náà sókè pátápátá.

Kò sí níbẹ̀.

"Kí lò ń wá?"

Màmá ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, tòun ti ọ̀pá rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni obìnrin kan wà tí ó wọ funfun látòkè délẹ̀, ìgò oyin ńlá mẹ́ta ló so mọ́ra nínú àpò. Ìyá Olóyin nìyẹn, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń sá tọ̀ lọ bí ayé bá korò mọ́ wọn lẹ́nu.

"Bọ́tìnì ni, mà," Ìyàwó Àgbà wí. "Bọ́tìnì kan já sílẹ̀."

Màmá sún mọ́ ọn. Ó la àtẹ́lẹwọ́, ìdì dúdú náà sì wà níbẹ̀. Ó ní àná lòun rí i, nígbà tí òun ń wá ibi tí òórùn aṣọ jíjó ti ń wá. Wọ́n pe Ìyàwó Kékeré jókòó. Ìyá Olóyin gba ìdì náà, ó gbé e sí imú, ó sì yí ojú padà bí ẹni tó gbóòórùn òkú eku.

"Ìkorò ni," ló wí. "Wọ́n ti di ìkorò mọ́ ọn lára. Adùn ló ń lé ìkorò. Oyin láàárọ̀, oyin lọ́sàn-án, oyin kó tó sùn. Láàárín wọn, mọ́ọ̀tì dídùn inú ìgò. Kò gbọ́dọ̀ fi ohun kíkorò kan ẹnu. Ẹ wá gbọ́ o, Màmá: wọn ò gbọ́dọ̀ fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ níbì kankan. Ẹni tó di nǹkan yìí ń dúró de ẹ̀jẹ̀ náà ni."

"Ṣùgbọ́n, mà," Ìyàwó Kékeré wí, "nọ́ọ̀sì tó ń wo oyún mi ní kí n má jẹun wá, kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ mi, kí wọ́n wo ṣúgà inú rẹ̀. Wọ́n ní gbogbo aláboyún ni..."

"Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fà yẹn, o mọ ibi tó ń lọ?" Màmá dá a lẹ́nu dúró. "Dákẹ́ kí o mu oyin rẹ."

Ìyá Olóyin bu oyin sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ títí ìsàlẹ̀ ife fi nípọn. Ìyàwó Kékeré mu ún tán. Ojú Ìyàwó Àgbà wà lórí ife náà. Kí lòun fẹ́ sọ? Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀, ó sì mọ ẹni tó dà á.

*

Ohun tó tẹ̀ lé e, n kò mọ bí màá ṣe sọ ọ́ kí inú má bí mi. Bí Ìyàwó Kékeré bá ṣe ń mu oyin sí ni òǹgbẹ ń gbẹ ẹ́ sí. Bí òǹgbẹ bá gbẹ ẹ́, wọ́n á gbé mọ́ọ̀tì lé e lọ́wọ́. Bó bá mu mọ́ọ̀tì, á sáré lọ tọ̀. Bó bá tọ̀, àwọn èèrà á dé. Nígbà tó yá, wọ́n kò dúró sí ilé ìtọ̀ mọ́. Wọ́n ń tò lórí okùn ìsáṣọ. Wọ́n wọ inú àwọ̀tẹ́lẹ̀ tí Ìyàwó Kékeré bọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó fọ̀ ọ́. Màmá rí wọn, ó pàtẹ́wọ́.

"Ẹ rí àwọn ìránṣẹ́ ọ̀tá! Ẹ fi kún oyin rẹ̀!"

Inú Ìyàwó Kékeré tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, ojú rẹ̀ sì wọ inú. Nígbà tí Ìyàwó Àgbà bá dá wà, tó ń da omi gbígbóná sí ẹsẹ̀ ògiri, á dà bíi pé àwọn èèrà náà mọ̀ ọ́n. Wọ́n á dúró díẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n á yà fún un, wọ́n á máa lọ. Ẹ̀rù náà wá pọ̀ ju kọ́kọ́rọ́ lọ. Kò fẹ́ kọ́kọ́rọ́ mọ́. Ohun tó ń fẹ́ ni kí obìnrin yìí àti ọmọ inú rẹ̀ má kú sí òun lọ́rùn.

Ó padà sílé Baba Oníbàtà Kan ní ọ̀sán ọjọ́ tí òjò ńlá ń rọ̀. Kò kanlẹ̀kùn.

"Ẹ tú u!" ló kígbe, omi òjò ń ṣàn lójú rẹ̀. "Mo ní kó sú u, mi ò ní kó kú! Ẹ tú u!"

"Fara balẹ̀. Kí ló ń ṣe é?"

Ó ka gbogbo rẹ̀ fún un: àárẹ̀, òǹgbẹ, ojú tó ń ríran bàìbàì, ìtọ̀ tí kò dá. Baba ń mi orí bí ẹni tí kò gbọ́. Àmọ́ nígbà tó dé orí èèrà, Baba dáwọ́ dúró. Òjò ń lu páànù. Ó tẹ̀ síwájú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn bàtà òsì rẹ̀.

"Baba, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ má bọ́ ọ!" Ìyàwó Àgbà ti fẹ̀yìn kan ògiri.

Baba bọ́ ọ. Kò sí ejò níbẹ̀, kò sí agbárí. Báńdéèjì funfun ni, bí ti ilé ìwòsàn gan-an, tí egbò ti rin díẹ̀. Ibi tó yẹ kí ọmọ ìka ẹsẹ̀ méjì wà, òfìfo ni.

"Àtọ̀gbẹ ló jẹ wọ́n," Baba wí, ohùn rẹ̀ wá dà bí ti bàbá àgbàlagbà lásán. "Èèrà ló kọ́kọ́ sọ fún èmi náà. Wọ́n ń bo ìtọ̀ mi lẹ́yìn ilé, mo ní ọ̀tá ni, mo ń ṣe ètùtù. Nígbà tí màá fi lọ sílé ìwòsàn, ẹsẹ̀ ti bàjẹ́." Ó fa àpótí kan jáde lábẹ́ àwọn ìwo àti agbárí tó ń fi dẹ́rù ba èèyàn. Oògùn oníhóró wà níbẹ̀, àti ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi ń wo ẹ̀jẹ̀. "Ó máa ń mú aláboyún, kódà ẹni tí kò ní i rí. Oyún náà ló ń fà á. Àwọn mìíràn, kò ní hàn lára wọn rárá, àfi bí wọ́n bá wo ẹ̀jẹ̀. Tirẹ̀ ti hàn, ẹ sì ń fún un ní oyin?"

"Ìdì tí ẹ fún mi ńkọ́?"

"Èédú ni. Èédú àti àkísà. Kò lè pa eṣinṣin."

Ìyàwó Àgbà kò mọ̀ bóyá kó rẹ́rìn-ín tàbí kó gbá a létí. Gbogbo oorun tí kò sùn, gbogbo ẹ̀rù tó bà á, èédú!

"Ẹ dìde, Baba. Ẹ jẹ́ ká lọ bá wọn sọ ọ́. Wọ́n á gbọ́ tiyín."

"Èmi?" Baba ti ń ti ẹsẹ̀ padà sínú bàtà. "Kí gbogbo ìlú mọ̀ pé Oníbàtà Kan ń tò lẹ́yìn àwọn ìyá arúgbó lọ́sibítù? Rárá o. Bí o bá pe orúkọ mi, màá ní mi ò rí ọ rí. Gbé e lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, kíá. Ọmọ inú rẹ̀ ò ní lè fara da gbogbo ṣúgà yẹn."

*

Ìyàwó Àgbà gbìyànjú, Ọlọ́run ló rí i. Ó kọ́kọ́ bá Màmá sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé bóyá kí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, kí wọ́n kàn wò ó. Màmá bi í léèrè ohun tó kàn án níbẹ̀. Ó bá ọkọ Ìyàwó Kékeré sọ ọ́. Onítọ̀hún ń fi ẹsẹ̀ ha ilẹ̀.

"Ìyàwó wa, ẹ má bínú. Màmá ló mọ̀."

"Ọkọ mi, Màmá kọ́ ló lóyún!"

"Mo gbọ́. Màmá ló mọ̀."

Ó bá ọkọ tirẹ̀ sọ ọ́, ìyẹn sì kọjú sí ògiri bó ṣe máa ń ṣe. Ó da ìgò oyin kan sínú gọ́tà. Màmá ra méjì. À ń gba òròmọdìẹ lọ́wọ́ ikú, ó ní wọn ò jẹ́ kóun lọ ààtàn lọ jẹ̀. Ó lọ bá Ìyàwó Kékeré fúnra rẹ̀ níbi tó dùbúlẹ̀ sí ní yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ó ní kó dìde, kí àwọn méjèèjì sá lọ. Ìyàwó Kékeré ń wo òkè ilé.

"Ìyálé mi, ó ti rẹ̀ mí," ló wí. "Ọmọ yìí ò tíì mira láti àárọ̀."

Ìyàwó Àgbà gbé ọwọ́ lé ikùn náà. Ó dúró. Ó tún dúró. Nígbà tó dìde, ó ti mọ ohun tó máa ṣe. Ó jáde lọ bá Màmá àti Ìyá Olóyin níbi tí wọ́n jókòó sí nínú ṣọ́ọ̀bù.

"Èmi ni," ló wí. "Èmi ni mo fi ìdì yẹn síbẹ̀."

Ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ Màmá. Ìyá Olóyin fò sókè. "Ṣé mo sọ fún yín! Oyin ló mú un jẹ́wọ́!"

"Ẹ gbọ́ mi ná. Èédú ni. Wọ́n lù mí ní jìbìtì ni. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Àtọ̀gbẹ oyún ló ń ṣe é, ẹ jẹ́ ká—"

"Èédú?" Màmá ti di aṣọ rẹ̀ mú lọ́rùn. "Bó bá jẹ́ èédú, kí ló gbé e dùbúlẹ̀? Kí ló ń kó èèrà wá? Àjẹ́! Ọmọ mi kékeré lo fẹ́ sọ di ẹni tí kò níyàwó! Tú u! Ohun tí o dì, tú u nísinsìnyí!"

Ìyàwó Àgbà la ẹnu láti tún ṣàlàyé. Ó wo ojú Màmá, ó wo ojú obìnrin olóyin, ó wo ọkọ Ìyàwó Kékeré tó sáré wọlé, tó gbá ọwọ́ mọ́ orí. Gbogbo bí òun ṣe ń fi sùúrù sọ òótọ́ láti ìgbà yìí, kò sẹ́ni tó dá òun lóhùn. Nísinsìnyí tí òun di àjẹ́, gbogbo wọn ló dákẹ́, tí wọ́n ń wo ẹnu òun. Inú bí i débi pé omijé fẹ́ bọ́. Ó já ọwọ́ Màmá kúrò lọ́rùn rẹ̀.

"Ó dáa," ló wí, ó jẹ́ kí ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Kì í ṣe èédú. Mo dì í, èmi nìkan ni mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń tú u. Ẹ fetí sílẹ̀, torí mi ò ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì."

Ó nawọ́ sí ìgò ọwọ́ Ìyá Olóyin.

"Oyin yẹn ni oúnjẹ rẹ̀. Gbogbo ife tí ẹ bù fún un, ẹ̀yin lẹ̀ ń bọ́ ohun tí mo rán sí i. Ọwọ́ yín ló fi lágbára."

Ìyá Olóyin gbé ìgò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ bíi pé ó jó o.

"Ó ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Oyin ò lè dé ibẹ̀, agbára tèmi pàápàá ò lè débẹ̀ mọ́. Abẹ́rẹ́ ọsibítù nìkan ló lè bá a níbẹ̀. Kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ náà lónìí, kí oòrùn tó wọ̀. Ohun tí nọ́ọ̀sì bá ní kó jẹ ni kó jẹ, èyí tó bá ní kó má jẹ, èèwọ̀ ni. Bí ẹ bá rú u, mi ò mọ̀ ọ́n mọ́."

Ọkọ Ìyàwó Kékeré ti gbé ìyàwó rẹ̀ sápá kó tó sọ̀rọ̀ tán. Màmá ń sá tẹ̀ lé wọn, láìlo ọ̀pá, lórí orúnkún tí kò jẹ́ kó lè ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù látọjọ́ yìí.

*

Nọ́ọ̀sì gún un níka, ó wo ohun tí ẹ̀rọ kọ, ó nu ìka mìíràn, ó tún gún un. Ó sáré pe dókítà. Wọ́n gbé nǹkan lé ikùn náà, gbogbo wọn sì dákẹ́ títí wọ́n fi gbọ́ ọkàn ọmọ náà, kì, kì, kì, tí kò lágbára tó ṣùgbọ́n tí kò dáwọ́ dúró. Wọ́n fi omi sí i lára, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún un lábẹ́rẹ́.

"Kí ló dé tí ẹ ò wá nígbà tí mo ní kí ẹ wá?" Nọ́ọ̀sì náà ń bi wọ́n, ó rẹ òun náà. "Òǹgbẹ, àárẹ̀, ìtọ̀, ojú tó ń ṣe bàìbàì, kí lẹ tún ń dúró dè?"

Ìyàwó Àgbà ni ìbá fèsì, àmọ́ wọ́n ti lé e síta géètì.

Wọ́n dá Ìyàwó Kékeré dúró síbẹ̀ títí ó fi bí. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ náà jáde, ọmọbìnrin, ó tóbi, èèké rẹ̀ kún, ó sì ń ké. Màmá rọ́ ìtàn rẹ̀ káàkiri: bí oyin ṣe gbóná mọ́ àjẹ́ lára títí ó fi jẹ́wọ́. Èrò wá pọ̀ nílé Ìyá Olóyin ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ ò rí i bí ayé ṣe ń ṣe? Ìyàwó Àgbà kò wọ ilé ìfọṣọ mọ́. Ojú fèrèsé yàrá rẹ̀ ló ti ń lọ aṣọ, fún àwọn àlejò tí kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Bí wọ́n bá gbọ́, wọn kì í padà wá. Ọkọ rẹ̀ ń ra búrẹ́dì jẹ níta, kì í fọwọ́ kan oúnjẹ rẹ̀. Àwọn ìyá ń fa ọmọ wọn lọ sí òdìkejì títì bó bá ń kọjá. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń fẹ́ dúró láàárín títì kó kígbe pé èédú ni, èédú lásán ni!

Ní ọ̀sán kan, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Ìyàwó Kékeré ni, ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀, àpò kan wà ní èjìká. Ojú rẹ̀ ti mọ́. Ó wo ẹ̀yìn kó tó sọ̀rọ̀.

"Ìyálé mi, ẹ kú iṣẹ́. Màmá ò mọ̀ pé mo wá." Ó gbé ìgò mọ́ọ̀tì kan jáde nínú àpò, ó mu díẹ̀, ó gbé e sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Wọ́n tún wo ẹ̀jẹ̀ mi. Wọ́n ní ó ti lọ. Àmọ́ nọ́ọ̀sì ní ó lè padà wá bá mi tó bá yá, bí mi ò tiẹ̀ lóyún, ó ní kí n máa wá wò ó lọ́dọọdún, kí n sì máa ṣọ́ ẹnu. Màmá ní ìdì ti tú, kí ni mo tún ń wá lọ síbẹ̀? Kí n sọ òótọ́, abẹ́rẹ́ yẹn ti sú èmi náà."

"Kí lo wá fẹ́ kí n ṣe?"

"Mo rántí ohun tí ẹ kọ́kọ́ sọ. Mo gbọ́ ọ láti orí ibùsùn. Ẹ ní èédú ni." Ó gbójú sókè. "Ẹ sọ òótọ́ fún mi. Bí ẹ bá ní ẹ ò fi nǹkan kan sí mi lára, màá gbà yín gbọ́. Màá wí fún gbogbo wọn. Màá ní kí Màmá wá bẹ̀ yín, kí ẹ padà sídìí tábìlì yín. Mi ò tiẹ̀ fẹ́ kọ́kọ́rọ́ yẹn. Ẹ ṣáà ní kò sí, kí n lè gbàgbé gbogbo rẹ̀."

Ọmọ náà na ọwọ́ sí Ìyàwó Àgbà, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, wọn kò jẹ́ kí Ìyàwó Àgbà fọwọ́ kàn án rí. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè rẹ̀. Òótọ́ sì ni, ó kéré, kò wúwo lẹ́nu: èédú ni. Ó wo ọmọ náà, ó wo ìyá rẹ̀, ó wo ìgò mọ́ọ̀tì tó wà nílẹ̀.

"Mo fi nǹkan sí ọ lára," ló wí.

Ìyàwó Kékeré gbé ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn.

"Kò tíì jáde tán. Ó sùn ni. Ọdún tí o kò bá lọ jẹ́ kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ wá a wò, yóò jí. Sọ bẹ́ẹ̀ fún Màmá. Ní èmi ni mo wí bẹ́ẹ̀."

Ìyàwó Kékeré fa ọmọ náà mọ́ àyà, ó fi ọwọ́ bo ojú ọmọ náà. Ó ń fẹ̀yìn rìn títí ó fi kan títì, ó yí padà, ó sì sáré lọ. Kò mú mọ́ọ̀tì rẹ̀. Nígbà tí Ìyàwó Àgbà yóò fi gbà pé kò ní padà wá, àwọn èèrà ti yí ìdí ìgò náà ká. Ó da ìyókù rẹ̀ sínú gọ́tà, ó fi omi ṣan ẹnu ọ̀nà, ó sì padà sídìí áyọ́ọ̀nù kó tó tutù.